Ewé Lórí Òṣùwọ̀n: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Dídán Egbòogi Wò fún Àrùn Àtọ̀gbẹ

Ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ohun tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́tipẹ́, èyíinì ni bí a ṣe ń dán ewé àti egbò wò, láti mọ èyí tí ó lè ran ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà lọ́wọ́, àti èyí tí kò lè ràn án lọ́wọ́, àti èyí tí ó tilẹ̀ lè pa á.

Àrùn yìí kì í ṣe àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Kí ẹ̀rọ tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn àgbà ti ń ṣàkíyèsí pé ẹni kan a máa mu omi láìsinmi, a máa dìde tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún, a máa jẹun kí ó sì máa rù, bí ó bá sì tọ̀ sẹ́yìnkùlé, kí ilẹ̀ tó mọ́ èèrà a ti ṣù bo ojú ibẹ̀. Èèrà yìí ni olùyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí a ní, ọlọ́gbọ́n ènìyàn sì ni ẹni tí ó kọ́kọ́ fiyè sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹ̀rí èèrà mọ. Kíndìnrín wa a máa dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀, kì í jẹ́ kí ó bá ìtọ̀ jáde, àfi ìgbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá gòkè tó nǹkan bí 180 lórí òṣùwọ̀n mílígíráàmù nínú désílítà tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀, tí ṣúgà rẹ̀ ti pé 126, tí wọ́n sì tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti mú un. Láàárín 126 àti 180 yìí, ọdún lè máa gorí ọdún tí èèrà kankan kò ní wá, tí ojú, ẹsẹ̀ àti kíndìnrín yóò sì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ bí ikán ti ń jẹ òpó ilé.

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ èèrà nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ohun tí mo wá sọ wà. Bí aláìsàn bá mu àgbo fún oṣù kan, tí èèrà kò sì wá mọ́, inú ará ilé a dùn, wọn a ní oògùn ti jẹ́, wọn a sì pa adìẹ fún onísègùn; bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé 240 ni ṣúgà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, tí àgbo sì fà á wá sí 170, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ gidi tí ó yẹ kí a yin ewé náà fún, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìwòsàn rárá. Àwọn baba wa kò gọ̀. Ewé tí wọ́n fi di egbò, ojú wọn ni egbò ṣe san. Èyí tí wọ́n fi lé ibà, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi kan ara ọmọ tí wọ́n mọ̀ pé ó ti tutù. Èyí tí wọ́n fi lé aràn jáde, wọ́n rí aràn náà nílẹ̀. Ní irú àwọn àìsàn wọ̀nyẹn, ìrírí ìran dé ìran jẹ́ àdánwò tí ó péye, mi ò sì rí ẹni tí ó yẹ kí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ jẹ́ àrùn tí ó máa ń fi ara pamọ́ fún ojú, tí ó sì máa ń fi ara pamọ́ fún ẹni tí ó ń ṣe pàápàá, nítorí náà ọgbọ́n tí ó tó fún ibà kò tó fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà ni ó mọ orúkọ ewé àti ibi tí ó ń hù sí, ọmọdé ni ó mú ẹ̀rọ òṣùwọ̀n dé, àwọn méjèèjì sì ni a nílò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àrùn náà fúnra rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ má baà ṣókùnkùn. Lẹ́yìn ikùn wa ni ẹ̀yà ara kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas. Òun ni ó ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì yìí ni ó sì ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara tí yóò fi í ṣe agbára. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní a máa mú ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ínsúlínì ti kú nínú wọn, bí wọn kò bá sì gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, wọn yóò kú. Oríṣi kejì ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn àgbàlagbà wa: ínsúlínì ṣì wà, ó tilẹ̀ lè pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Bí ẹ bá dé ọjà Bódè ní Ìbàdàn, tí ẹ sọ fún àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti àwọn lẹ́kulẹ́ja pé ìtọ̀ ṣúgà ń da yín láàmú, wọn kò ní rán yín padà lọ́wọ́ òfo. Ewúro wà níbẹ̀, akorò-má-bínú, ọ̀rẹ́ ọbẹ̀ àti ọ̀rẹ́ oògùn. Ejìnrìn wà níbẹ̀, arìn-lórí-ọgbà-má-bẹ̀rù. Asofẹ́yẹjẹ wà níbẹ̀ tòun ti èèpo igi kajú, dongoyárò, efinrin, àti ọ̀pọ̀ tí orúkọ wọn kò ní tán lẹ́nu mi lónìí. Ìbéèrè tí yàrá àyẹ̀wò ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò le, ṣùgbọ́n kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: kí ni ìwọ gan-an, kí ni o ń ṣe, báwo ni o ṣe ń ṣe é, èló ni a óò mu, kí ni o sì ń bàjẹ́ bí o ti ń tún nǹkan ṣe?

Orúkọ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewé kan náà lè jẹ́ orúkọ kan ní Ọ̀yọ́ kí ó jẹ́ òmíràn ní Èkìtì, orúkọ kan ṣoṣo sì lè wà fún ewé mẹ́ta tí wọn kò bá ara wọn tan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí yóò já ẹ̀ka igi náà pẹ̀lú òdòdó tàbí èso rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, yóò sá a gbẹ, yóò sì gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ, irú èyí tí ó wà ní ilé ìwádìí igbó ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n yóò ti fi í wé irú rẹ̀, tí wọn yóò sì fún un ní nọ́ńbà, kí ẹni tí ó bá ń ka ìwádìí náà ní àádọ́ta ọdún sí i lè lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ewé tí a ń wí. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò sá ìyókù lábẹ́ ibòji, kí oòrùn má baà jó èròjà inú rẹ̀, wọn yóò lọ̀ ọ́ kúnná, wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi tàbí sínú ọtí líle, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò sì gbẹ omi rẹ̀ títí yóò fi ku ohun tí ó ki bí oyin. Ẹ̀yin onísègùn tí ẹ ń rẹ egbò sínú ògógóró mọ̀ pé ohun tí ọtí yọ kì í ṣe ohun tí omi yọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwọn èkúté. Ní 1943, àwọn dókítà kan ní Glasgow tí wọ́n ń wádìí ohun mìíràn nípa kíndìnrín ṣàdédé rí i pé èròjà kan tí ń jẹ́ alloxan a máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ínsúlínì nínú ehoro; láti ọjọ́ náà wá ni a ti ń fi alloxan, àti nígbà tí ó yá, èkejì rẹ̀ tí ń jẹ́ streptozotocin, sọ èkúté di alátọ̀gbẹ, kí a lè fi ewé wò ó. Wọn a pín àwọn èkúté sí agbo-agbo: agbo kan tí ara rẹ̀ dá, agbo kan tí ó ń ṣàìsàn tí a kò fún ní nǹkan kan bí kò ṣe omi, agbo kan tí a fún ní oògùn tí a ti mọ̀, bíi glibenclamide, àti àwọn agbo tí a fún ní ewé ní ìwọ̀n kékeré, ìwọ̀n àárín àti ìwọ̀n ńlá. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé fífi ẹran ṣòfò ni agbo tí a kò fún ní nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ìdí tí òun fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Èkúté tí a fún ní alloxan a máa gbádùn fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò tún padà yè láìjẹ́ pé ẹnì kan fún un ní ewé. Bí a kò bá ní agbo tí kò mu nǹkan kan láti fi wé e, ewé tí kò ṣe nǹkan kan ni a óò máa yìn fún iṣẹ́ tí ara ṣe fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín ènìyàn: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ àgbo sábà máa ń dín iyán àti ẹ̀bà kù lọ́jọ́ kan náà, ó sì tún ń rìn káàkiri, ta ni yóò wá sọ fún wa pé àgbo ni ó fa ṣúgà wálẹ̀ tàbí oúnjẹ tí a dín kù?

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́ ohun kan láti ẹnu mi, kí ẹ má sì bínú. Ìwé ìwádìí tí ó sọ pé ewé báyìí fa ṣúgà èkúté wálẹ̀ ti pọ̀ ní Nàìjíríà débi pé ó ti kún àpótí. Èyí tí ó tẹ̀ síwájú dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kò pọ̀ rárá. Èkúté tí alloxan ti pa ínsúlínì rẹ̀ sún mọ́ oríṣi kìíní ju oríṣi kejì tí ó wà lára àwọn òbí wa lọ, nítorí náà ohun tí a rí lára rẹ̀ kò ju ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ tún wo ìwọ̀n. Bí ìwé bá sọ pé mílígíráàmù 400 fún kílò kan ara èkúté ni ó ṣiṣẹ́, àwọn tí ó mọ ìṣirò oògùn yóò fi 6.2 pín in kí wọ́n tó rí ti ènìyàn, èyí tí yóò fún wa ní nǹkan bí 65. Fún ẹni tí ó wọ̀n kílò 60, ó ti di bíi gíráàmù 4 ohun tí a yọ lára ewé. Bí a bá sọ pé gíráàmù 10 ewé gbígbẹ ni ó ń mú gíráàmù 1 jáde, gíráàmù 40 ewé gbígbẹ ni ẹni náà yóò lò lójúmọ́, èyí tí yóò ti tó gíráàmù 200 ewé tútù. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ife kékeré kan tí wọ́n ń gbé lé aláìsàn lọ́wọ́ náà.

Ewúro ni mo fẹ́ràn láti máa fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé kò sí ilé tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí méjì, Akah àti Okafor, tẹ ìwé jáde láti Nsukka pé omi ewúro fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ehoro wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà pẹ̀lú èkúté. Ó dára. Ṣùgbọ́n ewúro tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe ewúro inú ọbẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa fi iyọ̀ bọ̀ ọ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fún un, wọn a tún un fọ̀, títí ìkorò rẹ̀ yóò fi lọ. Inú ìkorò yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn èròjà tí ó lágbára wà. Àwọn ẹranko igbó tilẹ̀ mọ èyí: ní òkè Mahale ní Tàǹsáníà ní 1987, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá, tí ó bó èèpo ewúro kúrò, tí ó jẹ inú igi rẹ̀ kíkorò, tí ara rẹ̀ sì yá ní ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún aláìsàn pé kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ ewúro fún àtọ̀gbẹ ń sọ ohun kan, ẹni tí ó sọ pé kí ó máa mu omi rẹ̀ láìfọ̀ ń sọ ohun mìíràn, ẹ̀rí tí ó wà fún ọ̀kan kò sì lè dúró fún èkejì.

Ti ejìnrìn sàn díẹ̀, nítorí pé wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 láti Táílándì fi ejìnrìn àti oògùn àtọ̀gbẹ tí ń jẹ́ metformin wé ara wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: àwọn kan mu mílígíráàmù 500 ejìnrìn lójúmọ́, àwọn kan 1000, àwọn kan 2000, àwọn ìyókù sì mu mílígíráàmù 1000 metformin. Àwọn tí wọ́n mu 2000 nìkan ni ejìnrìn ṣe iṣẹ́ tí ó hàn gbangba fún, kò sì ṣe tó ti metformin. Ní 2012, nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tí ó ṣeé gbára lé jọ, mẹ́rin péré ni wọ́n rí, àwọn tí ó kópa nínú wọn lápapọ̀ sì jẹ́ 479. Ìdájọ́ wọn ni pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé kí a máa fi ejìnrìn tọ́jú oríṣi kejì. Èyí kò ba ejìnrìn lórúkọ jẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé iṣẹ́ ṣì kù.

Níbo sì ni metformin tí ó ṣẹ́gun ejìnrìn ti wá? Láti ara ewé ni. Ewéko kan wà ní Yúróòpù tí ń jẹ́ galega, èròjà inú rẹ̀ a máa fa ṣúgà wálẹ̀, ó sì tún máa ń pa àgùntàn tí ó bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù. Wọ́n dán èròjà náà wò lára ènìyàn, wọ́n rí i pé ó le jù. Ìbátan èròjà yìí tí a fi ọwọ́ ṣe ni metformin, tí Werner àti Bell kọ́kọ́ ṣe ní Dublin ní 1922, tí Jean Sterne sì kọ́kọ́ tẹ ìwé jáde lórí lílò rẹ̀ fún alátọ̀gbẹ ní Paris ní 1957. Ọdún 1995 ni ó tó dé ọjà Amẹ́ríkà. Lónìí òun ni oògùn àkọ́kọ́ tí dókítà sábà máa ń kọ fún oríṣi kejì, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹni tí ó bá ń sọ fún aláìsàn pé kí ó ju oògùn òyìnbó nù kí ó wá mu ewé, kí ó mọ̀ pé ewé ni baba ńlá ohun tí ó ní kí ó jù nù.

Ẹ wá jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ ilé wa jù lọ. Gbogbo yín ni ẹ mọ iṣin: iṣin aláṣọ pupa, iṣin ọlọ́mọ dúdú, iṣin tí í la ẹnu fúnra rẹ̀ kí ó tó gbà kí a jẹ òun. Láti ìhà wa yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọkọ̀ ẹrú ti gbé e lọ sí Jàmáíkà, ní 1778. Ibẹ̀ ni ó ti di oúnjẹ gbogbo ìlú, tí wọ́n ń fi ẹja oníyọ̀ sè é. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn kan ń pa àwọn ọmọ wọn, wọn a máa bì, wọn a dákú, wọn a kú láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì jọ pé àwọn tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa ni ó ń mú jù. Ní 1954, Hassall àti Reyle ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì tí ó wà ní Mona yọ èròjà kan jáde lára iṣin tí kò tíì là, wọ́n sì sọ ọ́ ní hypoglycin, nítorí pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lọ́nà tí ó bani lẹ́rù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ronú sí i. Èròjà kan rèé láti ara èso ilẹ̀ wa, tí ó ń fa ṣúgà wálẹ̀ gidigidi. Bí èkúté àti òṣùwọ̀n ṣúgà nìkan bá ni a ní, tí a kò béèrè ohun mìíràn, à bá ti pariwo pé a ti rí oògùn àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wádìí bí ó ṣe ń ṣe é, wọ́n rí i pé kì í ran ínsúlínì lọ́wọ́ rárá: ńṣe ni ó ń dí ara lọ́wọ́ láti fi ọ̀rá ṣe agbára, tí ó sì ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe ṣúgà tuntun, títí ara kò fi ní ní ohun kankan láti fi gbé ẹ̀mí ró. Ṣúgà wálẹ̀ nítorí pé ẹni náà ń kú. Iṣin tí ó ti là fúnra rẹ̀ lórí igi kò fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà yìí nínú mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi ipá la iṣin. Ìkìlọ̀ wọn jẹ́ òtítọ́ pátápátá, ọjọ́ pípẹ́ sì ti kọjá kí kẹ́mísírì tó bá wọn jẹ́rìí sí i. Ẹ wo bí ìmọ̀ ilé àti ìmọ̀ yàrá àyẹ̀wò ṣe pàdé lórí èso kan ṣoṣo!

Ìtàn kejì tí mo fẹ́ sọ tún kan Jàmáíkà. Òdòdó kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín gbìn síwájú ilé, aláwọ̀ àlùkò tàbí funfun, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Catharanthus roseus. Àwọn ará Jàmáíkà a máa fi ewé rẹ̀ se tíì fún àtọ̀gbẹ. Ní 1952, dókítà kan ní Kánádà, Clark Noble, gba àpòòwé kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí ó ti ń tọ́jú, tí ewé 25 wà nínú rẹ̀, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ Robert Noble ní yunifásítì tí ó wà ní London ti Ontario. Robert fún èkúté ní omi ewé náà mu: ṣúgà kò yí padà. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn: ṣúgà kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn èkúté bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oówo sì kún inú ara wọn. Ẹlòmíràn ì bá ti da gbogbo rẹ̀ nù, kí ó sì kọ ọ́ pé ewé náà kò wúlò. Robert béèrè ohun tí ó pa wọ́n, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá, tí kòkòrò àìsàn fi rí wọn mú. Ó ronú pé ohun tí ó lè lé sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti pọ̀ jù nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Òun àti Charles Beer onímọ̀ kẹ́mísírì yọ èròjà náà jáde, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1958: vinblastine ni. Láti ara ewé àtọ̀gbẹ tí kò wo àtọ̀gbẹ ni oògùn jẹjẹrẹ ti jáde, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là, àbúrò rẹ̀ vincristine sì ti gba ti àwọn ọmọdé.

Báyìí ni ó ṣe rí. Ẹni tí ó bá ń dán ewé wò láti lè sọ pé ewé wa jẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbà láti gbọ́ ohunkóhun tí ewé bá sọ ni ó ń ṣiṣẹ́. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ, láìfi bò, pé ohun tí ó wà nínú àwọn ìgò tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ nínú mọ́tò àti lórí rédíò lónìí kì í ṣe ewé tí a ti dán wò bẹ́ẹ̀. NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, a máa forúkọ egbòogi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò náà dáadáa: a ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ayédèrú kan ń da oògùn òyìnbó pọ̀ mọ́ egbòogi, kí ó lè dà bí ẹni pé ewé ni ó ṣiṣẹ́. Ní Singapore, láàárín oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ ọdún 2008, ènìyàn 150 tí kì í ṣe alátọ̀gbẹ rárá ni ṣúgà wọn já wálẹ̀ lójijì tí a fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, nítorí pé glibenclamide ti wà nínú oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n mu. Mẹ́rin nínú wọn kú. Irú èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ìlú èyíkéyìí.

Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin tí àrùn yìí ń bá jà, ẹ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ràn yín. Bí dókítà bá fún yín ní ínsúlínì, ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ nítorí ewé kankan, ọjọ́ díẹ̀ péré tó láti pa alátọ̀gbẹ oríṣi kìíní tí kò gbà á. Bí ẹ bá sì ń mu àgbo pẹ̀lú oògùn, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ má sì jẹ́ kí dókítà tí yóò pariwo mọ́ yín dá yín dúró láti sọ ọ́, nítorí pé méjèèjì lápapọ̀ lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù kí ẹ sì dákú lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ohun tí aláìsàn bá fi pamọ́ fún yín kò ṣeé wò.

Ó ku ohun tí a óò ṣe. Ìmọ̀ wa ti ń rìnrìn àjò lọ sí òkèèrè: ní 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Copenhagen ní Dẹ́ńmáàkì tẹ èsì jáde lórí tíì kan tí wọ́n fi asofẹ́yẹjẹ àti ọsàn kíkorò sè, ìmọ̀ tí ó ti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n fi dán alátọ̀gbẹ oríṣi kejì 23 wò fún oṣù mẹ́rin, èsì náà sì fúnni ní ìrètí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn náà kò pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ará Copenhagen pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti ṣẹlẹ̀. Oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò níí gbé, owó tí ó yẹ kí a fi dán ewé wò lára ènìyàn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn àti dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a kò tíì ná an. Àdéhùn Nagoya ti 2010 sì ti wà, tí ó ní kí ẹni tí ó bá mú ewé àti ìmọ̀ ìlú kan bá ìlú náà pín èrè. Ṣùgbọ́n àdéhùn kò lè gbèjà ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀, tí onísègùn fi bo àyà títí ó fi kú. Ẹ̀yin onísègùn, ẹ wá kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ yín lórí rẹ̀, níwájú agbẹjọ́rò, kí a tó gbé ewé yín wọ yàrá àyẹ̀wò.

Bí ẹ bá bi mí ní ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, ewúro ni n óò sọ. Kí a gba alátọ̀gbẹ oríṣi kejì tí wọ́n ti ń mu metformin, tí ṣúgà wọn kò sì tíì balẹ̀ tó. Kí wọ́n máa bá oògùn wọn lọ. Kí a ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí méjì, kí apá kan mu ewúro àìfọ̀ tí a ti gbẹ tí a sì ti wọ̀n, kí apá kejì mu ìyẹ̀fun tí kò ní nǹkan kan nínú, kí a sì fi méjèèjì sínú kápúsù, nítorí pé ahọ́n ẹni tí ó bá tọ́ ewúro wò kò ní pẹ́ sọ àṣírí fún un. Kí a ṣe é fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, nítorí pé àyẹ̀wò HbA1c, tí ń sọ bí ṣúgà ti ṣe wà láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ń ka ohun tí ó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa tí ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ bí 120. Kí a yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn wò lóṣooṣù. Bí ewúro bá ṣe ju òfìfo lọ, kí a sọ iye tí ó fi jù ú, láìbù kún un. Bí kò bá ṣe ju òfìfo lọ, kí a tẹ ìyẹn náà jáde ní èdè Yorùbá, kí ẹnì kan sì lọ kà á sí etí àwọn lẹ́kulẹ́ja ní Bódè, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò sọ fún aláìsàn tí ó bá tún na owó sí wọn.